Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Fi Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Èdè Ọmọ Ọmọ Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Lẹ́tà ilé ẹjọ́ dé láàárọ̀ yìí. Ìgbẹ́jọ́: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, aago mẹ́wàá àárọ̀, lórí kọ̀ǹpútà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ Itálì máa ń gùn, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì máa ń fi kókó sí. Ìyá ọmọ ti kú. Bàbá rẹ̀ kò sí níbi tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ náà. Adájọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá ìyá yìí lè bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bíńtín, Itálì nìkan ló sì gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé náà sórí tábìlì ìránṣọ, ó fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó nìyẹn?"

"Ó lé díẹ̀ ní mẹ́fà."

"Tíṣà, ṣé ó tó?"

Mo ní tó bá jẹ́ pé ohun tí mo bá wí la máa tẹ̀ lé, ó tó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè yìí. Mo ti kọ́ dókítà, mo ti kọ́ akọrin, mo ti kọ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ obìnrin tí kò rí rí. Mo kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà, ìyá Bíńtín, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, kó tó di pé ó rìnrìn àjò. A kì í dárúkọ ìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀kọ́ kìíní. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń ṣáájú orúkọ nǹkan: "il", "lo", "la". Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún òun náà. Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn yìí, kò sí nǹkan tí kì í ṣe akọ tàbí abo. Tábìlì jẹ́ akọ, "il tavolo". Àga jẹ́ abo, "la sedia". Bí ẹ bá ń kọ́ orúkọ nǹkan, ẹ kọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀, ẹ má yà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga tó jókòó lé, ó rìn yí i ká.

"Ta ló wo ìdí ẹ̀ tó fi mọ̀ pé obìnrin ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù karùn-ún tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Kíá ló dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tí kò yẹ kó wà.

Òjò. Gáàsì tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Obìnrin tó ń tọ́jú Bíńtín kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àjọ tó ń bójú tó ọmọdé gbé ọmọ náà sí lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ń béèrè obìnrin tó máa ń kí òun nínú fóònù màmá òun. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́, ó lè máa pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo rò ó dáadáa. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kó sáàárín àwọn elédè, àwọn tó ni èdè náà, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ. Àṣìṣe á mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì ní ṣeé gbà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í bá elédè sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ á fi pé. Èmi ni mo fi òfin yẹn lélẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì rí èso rẹ̀. Mo fèsì pé a dúpẹ́, pé ẹ̀gbọ́n mi yóò pè nígbà tó bá ti ṣe tán. Mo tún lẹ́tà náà kà kí n tó fi ránṣẹ́. Kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí n sáà kí i ńkọ́? Kí n kàn gbọ́ ohùn ẹ̀?"

"Ẹ ṣe sùúrù, àǹtí mi. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láìtọ́, àá tún ní láti tú gbogbo ẹ̀ ni."

Aránṣọ ni. Ó mọ ohun tí títú aṣọ jẹ́. Ó wò mí díẹ̀.

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Aago mẹ́rin. Ó ń wo fóònù. Mo ní ká tún "il" àti "lo" ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í torí ẹnì kan yí padà. Mo sọ, o sọ, wọ́n sọ: "sọ" dúró síbi tó wà. Lọ́hùn-ún, ìdí ọ̀rọ̀ náà ló ń sọ ẹni tó ni ín. "Parlo", èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. "Parli", ìwọ ni. "Parla", òun ni. Mo ní kó rò ó bí aṣọ: ara aṣọ kan náà ni, etí rẹ̀ la ń ṣẹ́ bá ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ là lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí kan ó ti ṣẹ́tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjìlá.

Ìgbà tá a dé orí "tu" ló dúró.

"Ìwọ? Ọmọ ọmọ mi á máa pè mí ní ìwọ?"

"Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó bá sún mọ́ wọn nìyẹn, àǹtí mi. Tó bá pè yín ní ẹ̀yin, àlejò lẹ jẹ́ sí i nìyẹn."

"Ìyá ẹ̀ náà máa ń pè mí ní ìwọ tí inú bá bí i. Màá ní kó tọrọ àforíjì."

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé òwú kan tí kò yẹ ní gígé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbọ́ wa látìta, ó yọjú wọlé.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di òyìnbó, kí ni wọ́n ń pe bàtà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n lanu. "'La scarpa'. Abo ni."

"Bàtà ọkùnrin ńkọ́?"

"Abo náà ni."

"Háà! Bàtà ọkùnrin! Wọn ò mọ nǹkan kan." Ó jáde lọ tẹ̀ríntẹ̀rín, a sì ń gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé bàtà tó kó wá, obìnrin ni, kó rọra máa wọ̀ ọ́.

Inú mi dùn. Kò rántí "scarpa" nìkan, ó rántí "la" rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ooru mú gan-an. Iná kò sí, a ṣe ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Lónìí mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe "avere", tó túmọ̀ sí kéèyàn ní nǹkan. Ebi kì í pa wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n ní ebi ni: "ho fame". Oorun kì í kùn wọ́n, wọ́n ní oorun. Ẹ̀rù pẹ̀lú, wọ́n ní i. Ọjọ́ orí pàápàá, níní ni: "ho sei anni", mo ní ọdún mẹ́fà, bí Bíńtín yóò ṣe sọ ọ́.

"Ìbànújẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ní in náà ni?"

Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni wọ́n ń lò fún ìyẹn. "Sono triste." Bí ẹni sọ pé mo ga, tàbí mo pupa.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rí gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tèmi kọ́ nìyẹn. Tèmi ń jẹ mí ni."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Nọ́ọ̀sì náà béèrè bóyá a máa pè lónìí. Mo fèsì pé kò tíì yá.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ bùláòsì funfun rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ ń jáde ni. Ó ní rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe gbọ́dọ̀ bá orúkọ rẹ̀ mu, bó bá jẹ́ abo kó jẹ́ abo, bó bá pọ̀ kó pọ̀. Mo rò pé yóò yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí ó máa ń yọ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ó kó òwú àti àwọn èkìrí aṣọ jọ sórí tábìlì. "Il filo rosso", òwú pupa. "La stoffa rossa", aṣọ pupa. "I fili rossi. Le stoffe rosse." Ó ń tò wọ́n ní méjì méjì, òwú mọ́ aṣọ, bó ṣe máa ń ṣe kó tó rán nǹkan. "Òwú tí kò bá bá aṣọ mu, ṣé mo lè fi rán an ni?" Ó ní ó yẹ kí n ti tètè sọ bẹ́ẹ̀.

N kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́ bí èyí rí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo ní kó kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa ẹbí rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé tá a bá ń sọ nípa ìyá, bàbá, ọmọ tàbí àbúrò ẹni, "la" tàbí "il" kì í wọ̀ ọ́: "mia figlia", ọmọ mi obìnrin, ó parí.

Gbólóhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló kọ nípa ọmọ rẹ̀. Ọmọ mi lẹ́wà. Ọmọ mi ní irun gígùn. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ mi kì í fẹ́ràn òjò. Ọmọ mi ń gbé níbi tó jìnnà. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo fún un ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Àtẹ̀jíṣẹ́ ránńpẹ́ látọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì: ọmọ náà ń ṣeré níta, ká má ṣèyọnu lónìí. Ó bọ́ sí àsìkò, nítorí à ń tún "essere", ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ́" tiwọn, ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

"Tíṣà, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Jẹ́ kí n pè é ní Sọ́ńdè yìí."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan náà ni, àǹtí mi. Ẹ má bà á jẹ́ nísinsìnyí. Tẹ́ ẹ bá wọlé níwájú adájọ́ pẹ̀lú gbólóhùn tó pé, ẹ ó máa rí i lójoojúmọ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó ní ó dáa. Kò bá mi jiyàn. Láti kékeré, òun ló máa ń di irun mi, òun ló máa ń pín ẹran, òun ló sọ irú ọkùnrin tí n kò gbọdọ̀ fẹ́. Nínú ọ̀ràn yìí nìkan ni mo ti ń wí tó ń gbọ́. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé mo gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A ti kun yàrá kékeré tí Bíńtín máa sùn. Bẹ́ẹ̀dì ti dé, ẹ̀gbọ́n mi rán aṣọ sí i. Mo bi í ní ogójì ìbéèrè. Ó gba méjìdínlógójì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé.

Adájọ́ jẹ́ obìnrin, ó wọ awò ojú. Agbẹjọ́rò wa wà nínú fèrèsé kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ nínú òmíràn, nọ́ọ̀sì náà nínú òmíràn. Bíńtín kò sí níbẹ̀. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Adájọ́ ní òun yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láìsí ògbufọ̀. Ó béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Ó dáhùn pé ilé kékeré ni, yàrá méjì ló ní. Ó béèrè iṣẹ́ rẹ̀. "Sono sarta", aránṣọ ni mí. Ó béèrè ibi tí ọmọ náà yóò máa sùn. "La camera è piccola ma è pulita. Il letto è nuovo." Yàrá náà kéré ṣùgbọ́n ó mọ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tuntun ni. Gbogbo etí ọ̀rọ̀ náà ló ṣẹ́ bó ṣe yẹ. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Brava, signora." Ẹ ṣe dáadáa, màmá. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ló mú ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ. Ó kà á, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú kìíní, ọmọ náà ní kí wọ́n ya irun òun. Láti aago mẹ́ta ààbọ̀ ló ti jókòó ti fóònù pẹ̀lú àwòrán kan tó fẹ́ fi han ìyá àgbà. Kò sẹ́ni tó pè. Ọjọ́ Àìkú kejì, ó tún jókòó. Ẹ̀kẹta, ó béèrè bóyá ìyá àgbà náà ti kú. Ẹ̀kẹrin, ó kọ̀, kò sún mọ́ tábìlì náà. Ẹ̀karùn-ún, ó ní òun fẹ́ lọ ṣeré. Ẹ̀kẹfà, kò béèrè nǹkan kan.

Adájọ́ bi í pé, "Perché non ha telefonato?" Kí ló dé tí ẹ kò pè?

N kò kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn. A kò tíì dé ibẹ̀. Ó yíjú sí ògbufọ̀, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orókún mi lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tá a wà ní kékeré tí àlejò bá wà nílé.

"Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ dáadáa ná. Ojú ń tì mí láti bá ọmọ náà sọ ìsọkúsọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n má pè é."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Nínú gbogbo àwọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè méjèèjì tó mi. Mo lè ti sọ òtítọ́ náà ní gbólóhùn kan. Mo jókòó, mo ń wo adájọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ń lọ, kò dá a dúró.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"N ò bínú."

"Èmi ni mo yẹ kí n..."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Gbọ́ mi. Èyí tó kú, ó kú. Mo ti ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ò kú o. Èyí ń bẹ láàyè, wọ́n ya irun ẹ̀, ó jókòó ti fóònù, ó ń retí mi. Mo wà níbí mo ń sọ fún ọ pé àga jẹ́ obìnrin."

Ó tún tẹ ẹ̀rọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà á sórí ara yín?"

"Ìwọ ni wọ́n máa pè láti wá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà bí mo bá kú. Mi ò fẹ́ kórúkọ ẹ bà jẹ́ nínú ìwé wọn."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo kọ̀wé sí ilé ẹjọ́, ojú ìwé méjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òfin ilé ẹ̀kọ́ wa, lẹ́tà tí mo kọ sí nọ́ọ̀sì, àwọn ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí. Agbẹjọ́rò ní òun á fi kún ìwé ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìdájọ́ dé. Wọ́n rí lẹ́tà mi. Wọ́n ní kò yí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà padà, òtítọ́ sì ni. Ọmọ náà ti fara mọ́ ibi tó wà. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni yóò máa gbé. Ìyá ìyá rẹ̀ lè máa pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ọjọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní kí n tún ibi "lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì" kà. Mo tún un kà. Ó wọ yàrá kékeré lọ, ó ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà sí mẹ́rin.

Òjò láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù, mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Rárá. Ìwọ, bọ́ síta."

Mo bọ́ síta. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò lọ jìnnà. Mo gbọ́ bó ṣe pariwo kí i pẹ̀lú èdè wa, lẹ́yìn náà pẹ̀lú tiwọn. Àṣìṣe pọ̀ nínú ohun tó ń sọ. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ń pe akọ ní abo, ó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ kan sórí òmíràn, gbogbo ohun tá a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tò ló tú ká. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó mọ́ kedere, ó kúrú, ó ní ọ̀wọ̀ nínú bí ọmọ tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Lei" ló ń pè é. Ẹ̀yin.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé. Bóyá mẹ́rin.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti da ojú fóònù dé sórí tábìlì.

"Ó béèrè pé ta ni mí," ó ní. "Mo ní ìyá àgbà ẹ̀ ni mí. Ó ní rárá, ìyá àgbà òun wà ní kíṣíìnì, ó ń fọ abọ́, ṣé kóun lọ pè é wá."

Mo jókòó.

"Gbogbo ẹ̀ ló yé mi, àbúrò mi. Kò síbi tí mo ti ní kó tún un sọ."